Ọ̀kan Tí Ẹ Kọ Sára Ilẹ̀kùn Mi

Rárá, Àǹtí Ọláṣùmbọ̀, ẹ má fi àga lọ̀ mí, mi ò jókòó, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kì í jókòó sínú kọ̀ǹténà tó tutù nini bí èyí kó máa gba atẹ́gùn. Ìdúró ni mo wà nígbà tí ẹ kọ nọ́ńbà yẹn fún mi, ìdúró náà ni n ó wà tí ẹ ó fi pa á rẹ́. Èmi ni Ìyá Suliat, òkè kejì, yàrá kẹta, nínú ilé tí ẹ fẹ́ wó lọ́jọ́bọ̀. Ẹ wò mí nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yín. Ọkọ, Tìjání, káfíńtà. Ìyàwó, òṣìṣẹ́ sáìtì. Ọmọ, ọ̀kan. Ẹ rí i? Ọ̀kan yẹn ni mo bá wá.

Ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ fún yín, àbúrò mi tó kẹ́yìn pàápàá lè jù yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn tábìlì, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń pè yín ní Àǹtí. Mi ò wá jà. Ká ní mo fẹ́ jà ni, etí títì ni n bá dúró sí, n bá já ìborùn sílẹ̀, gbogbo Awóyàyá ni ì bá sì gbọ́. Ẹjọ́ ni mo wá rò. Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sọ fún mi pé Ọ̀gá Akínbọ̀dé ò sí ní ọ́fíìsì, torí mo rí mọ́tò wọn níta bí mo ṣe ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ilé náà. Òtẹ́ẹ̀lì ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sùn níbẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe òtẹ́ẹ̀lì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wọ́ ara wọn lọ sí kóòtù, ilé dúró sójú títì láìní fèrèsé, láìní páànù, igi ń hù lára ògiri rẹ̀, omi ń dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa tí à ń kọ́lé fún olówó láti Lákọwẹ̀ títí dé Oníru, ibẹ̀ là ń fi orí pamọ́ sí. Orí mi yìí ti ru kọ̀ńkéré tó máa kún ọ̀sà. Ọwọ́ Tìjání ló kan pákó tí wọ́n da òpó sí nínú ẹ́sítéètì àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tí wọ́n bá rí i lónìí wọn ò ní jẹ́ kó kọjá géètì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ dé, tí ẹ ní ìjọba àti ilé-iṣẹ́ yín fẹ́ wó Òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n kọ́ ilé owó pọ́ọ́kú síbẹ̀, pé àwa tí a ti ń gbé ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ fún, ṣé ẹ rí bí mo ṣe jó? Mo sọ agbada kọ̀ńkéré kalẹ̀, mo jó. Inú mi dùn ṣìnkìn. Ta ni ò fẹ́ ilé tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀kùn?

Ijó yẹn ò tíì tán lẹ́sẹ̀ mi tí ẹ fi bèèrè ìbéèrè yín. Ọmọ mélòó?

Bí ẹ ṣe bèèrè nìyẹn, Àǹtí, ní gbangba, lórí àtẹ̀gùn, níwájú àwọn tó ń pọnmi. Ẹ ò ní àwọn ọmọ ńkọ́. Ẹ ò ní ṣé dáadáa ni wọ́n wà. Ọmọ mélòó, bí ẹni ń bèèrè iye búlọ́ọ̀kù tí wọ́n já sílẹ̀. Mo ní a dúpẹ́. Ẹ ní kí n sọ iye wọn. Mo ní wọn ò pọ̀. Ẹ ní wọn ò pọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà. Mo wò yín lókè, mo wò yín nílẹ̀, mo ní ṣé ọmọ Yorùbá kọ́ nìyí ni? Ṣé ìyá tó bí yín ò sọ fún yín pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ẹ wá ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní Mọ́mì, ṣé ọ̀kan ni ká kọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan ni, kí ẹ lè fi mí sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Ìgbòho, tí ìyá ọlọ́mọ bá ti dáhùn báyẹn, ẹni tó bi í ti mọ̀ pé òun ti ṣì í bèèrè, á ní Ọlọ́run á dá wọn sí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Mo dúró, mo ń retí àdúrà yẹn lẹ́nu yín. Ìka lẹ fi tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní ó ti wọlé.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n parí. Mo mọ̀ pé èmi ni mo fẹnu mi sọ ọ́. Èmi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì àwọn ọlọ́dà yín dé. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, gàgàrà, ọ̀dà pupa. Kí ló dé tó fi jẹ́ pupa? Ṣé àwọ̀ míì ò sí ní Ajah ni? Mo bi Ọ̀gá Akínbọ̀dé pé kí ni nọ́ńbà yìí wà fún, wọ́n ní kí àwọn tó ń bọ̀ wá wólé lè mọ iye ọmọ tí wọ́n máa kó jáde nínú yàrá kọ̀ọ̀kan kí kátápílà tó kàn án ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Iye ọmọ tí wọ́n máa kó jáde. Bí wọ́n bá dé ẹnu ilẹ̀kùn mi, wọ́n á gbé ọ̀kan jáde, wọ́n á ní ó ti pé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi ni oorun ti kúrò lójú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà wá tẹ̀lé e. Ẹ ní ẹni tó bá ní ọmọ kan ṣoṣo ò sí nínú ìpín àkọ́kọ́, kí n máa retí ìpín kejì. Ìpín kejì ò ní ọjọ́, kátápílà ní. Ọlálérè tó ń lẹ táìlì, tó ń gbé ìsàlẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí, lọ kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Lákọwẹ̀, ó wọ̀ wọ́n láṣọ, ó tò wọ́n sójú ilẹ̀kùn, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ kọ mẹ́fà fún un. Òun ló máa gba ilé oníyàrá mẹ́ta. Inú ò bí mi sí i, wọ́láì, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Ó ka ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ti ara rẹ̀, lójú ọ̀sán, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó pè wọlé.

Ẹ ń wo aago. Ẹ má wo aago, mo ń bọ̀ níbi tí ó ti ń dùn mí.

Ní ìgbà tí mo wà ní kékeré, àwọn kan wá sí Ìgbòho tí wọ́n ń fi ẹfun kọ iye ọmọ sára ilẹ̀kùn. Olóòótọ́ èèyàn ni ìyá mi. Ó pè wá jáde, ó tò wá, ó fọwọ́ kan orí wa níkọ̀ọ̀kan, ó sì sọ iye fún wọn. Kí wọ́n tó kórè àgbàdo ọdún yẹn, iye ara ilẹ̀kùn ti ju iye inú ilé lọ. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹfun yẹn wà, òjò ò lè dé bẹ̀ kó fọ̀ ọ́. Ìyá mi a máa jí, a máa jókòó kọjú sí i, títí ó fi gbé ọ̀bẹ lọ́jọ́ kan tó ha á títí igi fi yọ. Ìgbà tí mo ń lọ sílé ọkọ, ó dì mí mú létí, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè, ọ̀kan ni kí o wí. Ohun tí kò rántí sọ fún mi ni pé wọ́n lè kọ ọ̀kan náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọlọ́dà yín kọ tèmi. Ní ọjọ́rú, obìnrin kan láti Oníru pè pé òun ń wá ọmọbìnrin tó máa bá òun tọ́jú ọmọ, tó máa sùn sọ́dọ̀ òun. Ọdún kan gbáko ni Suliat ti ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò rí. Ó di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo sìn ín dé ojú títì, mo ń rẹ́rìn-ín, inú mi ò dùn, mi ò sì mọ ìdí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n Tìjání dé láti Ìkòròdú, ó ní nígbà tí wọ́n ti fẹ́ wó ilé, kí òun máa mú Ràhmát lọ kó lè ráyè kàwé. Ó ti ń bẹ̀ wá tipẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, a ò gbà. Lọ́tẹ̀ yìí Tìjání gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ràhmát ń wẹ̀yìn látinú mọ́tò títí tí mi ò fi rí i mọ́.

Taofeek ló kàn. Àtẹ̀gùn tí kò ní ibi tí èèyàn ń dì mú yẹn, orí rẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn, bí ojú rẹ̀ dì ó lè gùn ún. Ó já bọ́ láti òkè kejì sórí òkìtì yanrìn. Ọpẹ́lọpẹ́ yanrìn. Apá rẹ̀ ló kán, a gbé e lọ bá bàbá tó ń to eegun ní Ẹ̀pẹ́, bàbá ní kò ní kúrò lọ́dọ̀ òun títí eegun yóò fi so. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tí mo gun àtẹ̀gùn, tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo dúró, mo wo nọ́ńbà yẹn. Mo mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó ń yọ wọ́n.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ẹ máa wí, ẹ ní ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni. Tìjání náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ló gbé Suliat lọ, ìwé ló gbé Ràhmát lọ, àwọn tí kò parí ilé ló ṣẹ́ Taofeek lápá. Mo ní òótọ́ ni, gbogbo ẹ̀ ló ní ìdí, mi ò jiyàn. Èmi ń bèèrè ohun kan péré: kí ló dé tí gbogbo ìdí yẹn kóra jọ lẹ́yìn tí ẹ fi ọ̀dà kan ilẹ̀kùn mi? Láti ọdún tí a ti ń gbé Òtẹ́ẹ̀lì, kò sí ẹni tó já níbẹ̀, kò sí ẹni tó wá mú ọmọ lọ.

Mo gbé kẹrosíìnì àti àkísà, mo ní n ó nu ún. Ìwé tí Ọ̀gá Akínbọ̀dé lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan kà fún mi: ẹni tó bá pa nọ́ńbà rẹ́ ti yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú ilé pátápátá. Mo gbé àkísà padà. Mo wá fi ìró mi ògbólógbòó bò ó. Títí di ọjọ́ yẹn, ọ̀dà yẹn ò tíì gbẹ tán, ó mú aṣọ náà. Ó hàn síta.

Ìyẹn ni pé ó ku Dúrósinmí àti èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí.

Àǹtí, ẹ mọ ìdí tí a fi ń sọ ọmọ ní Dúrósinmí? Ó dáa bí ẹ bá mọ̀. Àwọn kan ti wá ṣáájú rẹ̀ tí wọn ò dúró, iye wọn náà mi ò ní sọ. Òun dúró. Ó lé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí, ó lè ka ìwé tó wà lára mọ́tò tó ń sáré lọ, òun ló máa ń bá mi gbé omi gòkè láì rán an. Ìrọ̀lẹ́ àná tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó sùn sórí ilẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí irin tó wà lóòrùn, ojú rẹ̀ là ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí. Tìjání gbé e kọ́ èjìká. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe o, Tìjání tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ léjìká, ó dúró, ó wo ìró tí mo fi bo nọ́ńbà. Ó fẹ̀gbẹ́ kan gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá kí ara ọmọ náà má bàa kan ibẹ̀. Ẹ̀rù wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilé wá dá wáí. Lónìí yìí, bí ẹ bá gòkè lọ wo yàrá kẹta, ẹ ó bá ẹní nílẹ̀, ẹ ó bá ìkòkò, ẹ ó bá ìwé Dúrósinmí. Tèmítáyọ̀ tó wà lẹ́yìn mi yìí nìkan ni ọmọ tó kù níbẹ̀. Nọ́ńbà yín ti pé. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?

Kí lẹ wí? Ẹ ní kò le. Ẹ ní kí n lọ kó gbogbo wọn wá, kí n tò wọ́n sójú ilẹ̀kùn, kí ẹ ya fọ́tò wọn kí ẹ sì kà wọ́n, ẹ ó yí i padà lójú ẹsẹ̀. Kí n lọ yọ Taofeek kúrò nínú igi tí wọ́n fi di apá rẹ̀? Kí n gbé Dúrósinmí sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tòun tomi tí wọ́n fà sí i lára, kí n fi í ti ògiri, kí ẹ lè na ìka sí i? Àti pé bí mo bá tiẹ̀ kó wọn jọ, Àǹtí, ohun tí ìyá mi ṣe gan-an lẹ ní kí n tún lọ ṣe yẹn. Bí mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀ ó ń yọ wọ́n. Bí mo bá kà wọ́n, mo ti kà wọ́n. Ẹ bá mi wá ibi tí n ó gbà.

Ẹ̀yin ńkọ́ ná? Ọmọ mélòó lẹ bí?

Yéè, ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, gbẹrẹfu, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, lójú àjèjì tí inú ń bí? Ẹ tutọ́ sílẹ̀. Ẹ tutọ́, mo ní, kí ilẹ̀ gbé e mì. Ọlọ́run á bá yín dá wọn sí, wọn ò ní rí ogun ibà, wọn ò ní já látòkè, ẹni tó ń wá ọmọ ọlọ́mọ kò ní rí ilé yín. Ẹ wò ó, mo bínú dé ibi pé mo fẹ́ ṣépè nígbà tí mo ń bọ̀, mo ti tò ó sẹ́nu láti ojú títì. Mi ò lè ṣẹ́ ẹ mọ́. Ẹ ò mọ̀ ni. Àwọn tó tọ́ yín dàgbà nínú ẹ́sítéètì ló fi í pamọ́ fún yín.

Ẹ wá gbọ́. Ọ̀nà kan wà. Mi ò ní sọ iye, ẹ̀yin náà ò ní sọ ọ́ sókè. N ó máa pe orúkọ wọn, ẹ máa kọ ọ́. Orúkọ ò pa ọmọ, orúkọ là ń fi pe ọmọ wálé.

Kò sí ààyè orúkọ ọmọ nínú fọ́ọ̀mù? Iye nìkan ló wà níbẹ̀? Ta ló ṣe irú fọ́ọ̀mù báyẹn? Ẹ gbé bírò, ẹ wá ìwé, ẹ̀yìn lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi yìí gan-an, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán kí ẹ kà á sínú, kí ẹ tẹ ohun tí ẹ bá rí, kí ẹ má jẹ́ kí n gbọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ kọ Suliat. Ẹ kọ Ràhmát. Taofeek, ẹ kọ ọ́ dáadáa, apá ọ̀tún rẹ̀ ni, yóò so. Tèmítáyọ̀ rèé, ẹ̀ ń wo ojú rẹ̀. Dúrósinmí.

Kí ló dé tí ẹ dúró? Ẹ ní òfin yín sọ pé ẹni tó bá wà ní ọsibítù, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá… Bóyá kí ni? Ẹ parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ má parí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, mo ní kó má pè mí àfi tí nǹkan bá yí padà, sí dáadáa o, sí àìdáa o.

Fóònù mi ló ń dún yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́, mo mọ ẹni tó ń pè.

Mi ò gbé e. Ọ̀kan ṣì ló wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yín, mi ò lè gbé fóònù nígbà tí ọ̀kan yẹn ṣì ń yọ wọ́n. Ẹ má wò mí, ìwé ni kí ẹ wò. Ó dákẹ́. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Ọláṣùmbọ̀, mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n yín ni mo wà lórí orúnkún yìí, ẹ fi bírò kan ìwé. Ẹ kọ Dúrósinmí kún wọn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán ni n ó gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ sọ.